Gbé Etí Ọmọ Yẹn Wá Kí N Rí I

Ọjọ́ kẹta tí mo bímọ ni màámi pè mí lórí WhatsApp láti Ìbàdàn, fídíò ni wọ́n pè o, èmi sì rò pé wọ́n fẹ́ bi mí bóyá mo ti jẹun ni àbí bóyá mò ń fi omi gbígbóná wẹ̀, àmọ́ mi ò tíì kí wọn tán tí wọ́n fi ní "Àbẹ̀kẹ́, gbé etí ọmọ yẹn wá kí n rí i." Mo ní etí kẹ̀? Wọ́n ní etí ni, òkè etí, ibi tó ká yẹn. Mo sún fóònù mọ́ orí ọmọ. Oṣù November ni, ní Leeds níbí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lásán ilẹ̀ ti ṣú bí ìgbà tí wọ́n múná lọ, wọ́n ní àwọn ò ríran, kí n taná. Mo taná. Wọ́n wò ó títí, wọ́n tún ní kí n gbé ìka ẹ̀ wá, ìdí èékánná, wọ́n wo ìyẹn náà. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó rẹ́rìn-ín. "Ó máa dúdú. Tìẹ ló gbé. Pupa tẹ́ ẹ̀ ń rí yẹn, àlejò ni, ó ń lọ."

Ọkọ mi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ò fọhùn. Pupa lòun, apọ́nbéporẹ́ gidi, ó sì ti gbé fọ́tò ọmọ sí status ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pé ẹ wá wo fọ́tòkópì òun.

Ọjọ́ kejì ẹ̀ ni nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí wá wò wá nílé. Ó gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, ó wo ìdodo ẹ̀, ó wá ní torí pé ọmú nìkan ni mò ń fún un, kí n máa kán vitamin D sí i lẹ́nu lójoojúmọ́, 8.5 sí 10 microgram, títí á fi pé ọdún kan. Mo sọ fún màámi. Wọ́n ní "Kí ló ń ṣe é?" Mo ní kò sí nǹkan tó ń ṣe é mà. "Kò sí nǹkan tó ń ṣe é, ọmọ ọjọ́ mẹ́rin ń mu oògùn?" Mo ní oòrùn ni kò sí níbí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní "Ẹ wá ń fi oògùn ṣe oòrùn."

Ẹni tó bá ti fọ́mọ lọ́mú lóru rí á mọ̀ pé aago mẹ́ta òru, ìwọ àti fóònù ẹ lẹ jọ wà. Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan nípa àwọ̀ èèyàn, ìdí tí ẹnì kan fi dúdú tí ẹnì kan fi pọ́n tí ẹlòmíì fi funfun, mo sì kà á débi tó fi yé mi pé etí tí màámi ń wò àti oògùn tí nọ́ọ̀sì ní kí n máa kán, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ.

(Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n tó gbàgbé: awọ ni èyí tó bo ẹran ara wa, àwọ̀ ni kọ́lọ̀. Táwa tá a máa ń tẹ Yorùbá láìsí àmì bá kọ "awo" lásán, ó lè jẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì, ó tún lè jẹ́ àwo ọbẹ̀ tàbí awo Ifá. Èmi fi àmì sí i lónìí torí ẹ ni o.)

Ilé wa gan-an ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ọdún méjì jù mí. Pupa ni, ó pọ́n débi pé tí ẹ̀fọn bá jẹ ẹ́ lẹ máa ka ojú ibi tó ti jẹ ẹ́. Èmi dúdú bíi kóró iṣin. Bàbá kan, ìyá kan. Nínú agboolé tá a ń gbé nígbà yẹn, obìnrin kan wà tó máa ń wò wá tá a bá ń lọ pọnmi, á ní "Ṣé bàbá kan náà ló bí àwọn wọ̀nyí ṣá?" bí ẹni ń ṣeré. Màámi gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan. Wọn ò bá a jà. Wọ́n kàn gbé àwo ọbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbé fún un padà sílé, wọn ò sì gbé àwo wọ yàrá obìnrin yẹn mọ́ títí a fi kó kúrò níbẹ̀.

Jíìnì, ìyẹn àṣẹ tá a jogún lára òbí tó ń sọ bí ara á ṣe rí, èyí tó ń dá sí ọ̀rọ̀ àwọ̀ pọ̀ gan-an, kì í ṣe ẹyọ kan, ibẹ̀ ni obìnrin yẹn ti ṣì í. Ká sọ pé bàámi ní kóńgò ẹ̀wà kan, olóyin àti funfun dà pọ̀ mọ́ra nínú ẹ̀, màámi náà ní tiwọn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ bímọ, kálukú á dijú bu ìdajì, wọ́n á dà á pọ̀, òun lọmọ. Lọ́jọ́ ti ẹ̀gbọ́n mi ọwọ́ wọn bọ́ sí apá ibì kan, lọ́jọ́ tèmi ọwọ́ wọn bọ́ sí apá ibòmíì. Kò sí àlè kankan níbẹ̀.

Àmọ́ kí ni àwọn jíìnì yẹn ń ṣe gan-an? Ohun tó yé mi jù nínú gbogbo ohun tí mo kà, mo fi aláró ló yé mi. Ẹ rántí àgbàlá àwọn aláró bíi ti Òṣogbo àti Abẹ́òkúta, tí ìkòkò aró máa ń tò lọ rẹrẹ. Irú wọn wà nínú awọ gbogbo wa, ní ìsàlẹ̀ ìpele tó wà lókè pátápátá, melanocyte lorúkọ wọn. Aláró kọ̀ọ̀kan ní oníbàárà bíi 30 sí 40, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì awọ tó yí i ká, ó ń po aró kan tí wọ́n ń pè ní mẹ́lánìn, ó ń dì í ní ìdì wínníwínní, ó ń nà án sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Sẹ́ẹ̀lì tó bá sì gba tiẹ̀, á kó o lé orí ibi tí jíìnì ẹ̀ wà kí oòrùn má bàa jó o, bí ẹni ṣí agboòrùn. Agboòrùn gan-an ló bá a mu, òjò la máa ń fi ranti agboòrùn ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀ ti sọ iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é.

Ibi tí mo ti dìde jókòó lóru ọjọ́ yẹn nìyí: iye aláró tó wà lára mi àti iye tó wà lára nọ́ọ̀sì òyìnbó tó wá wọn ọmọ mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé àwa ní nǹkan tí wọn ò ní ni, àbí pé àwọn ní nǹkan tá ò ní. Rárá o. Iṣẹ́ tí àwọn aláró ń ṣe ló yàtọ̀. Aró tèmi ki, ó pọ̀, dúdú ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìdì ẹ̀ tóbi, wọ́n sì dá ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró, kálukú lọ́tọ̀. Ti nọ́ọ̀sì kéré, ìdì ẹ̀ wẹ́, wọ́n ń ṣù pọ̀ sójú kan. Oríṣi aró kan tún wà tó jẹ́ pupa-yẹ́lò, òun ló pọ̀ lára àwọn òyìnbó onírun pupa. Àtẹ́lẹwọ́ nìkan ni aláró ò ti pọ̀ lára gbogbo wa, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tí àtẹ́lẹwọ́ èmi àti ti ẹ̀gbọ́n mi fi jọra. Ọmọ tuntun ńkọ́? Àwọn aláró tiẹ̀ ti wà níbẹ̀, wọn ò kàn tíì ṣiṣẹ́ dójú ẹ̀ ni, ó máa ń gbà wọ́n lóṣù mélòó kan. Àwọn ìyá àgbà ò gbọ́ melanocyte rí, àmọ́ wọ́n mọ̀ pé aṣọ ṣì wà nínú aró, ẹ dúró kó jáde.

Èmi náà ti dí àwọn aláró mi lọ́wọ́ rí. 200 level ni mo wà. Ọmọkùnrin kan tí mo fẹ́ràn ló ní ká ní mo pọ́n díẹ̀ ni, kì í ṣe pé mo burẹ́wà o, díẹ̀ báyìí ni. Mo lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń po ìpara sínú rọ́bà, kò sọ ohun tó wà nínú ẹ̀, èmi náà ò bi í. Oṣù mẹ́ta, ojú mi ti là, gbogbo èèyàn ń ní mo ti ń dán. Mo délé fún Kérésì. Màámi ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí mo dé. Ọjọ́ kejì tá a jọ ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n gbé ọwọ́ mi sókè, wọ́n wo oríkèé ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wo ìjàgbọ̀n ẹja lọ́jà. Dúdú ni gbogbo ẹ̀, oríkèé ò gbọ́ tìpara. Wọ́n ní "Ojú yìí, mi ò mọ ẹni tó ni ín. Ọwọ́ yìí, ọwọ́ ọmọ mi ni." Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ju rọ́bà yẹn nù.

Mo ti wá mọ ohun tó máa ń wà nínú irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ báyìí. Hydroquinone máa ń dí aláró lọ́wọ́ àtipo aró, téèyàn bá sì lò ó pẹ́ ó lè yí padà sọ ojú di dúdú aláwọ̀ búlúù tí kì í lọ mọ́. Mẹ́kúrì náà ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, kíndìnrín ló sì ń bá já sí. Oògùn sìtírọ́ìdì tí wọ́n ń pò mọ́ ọn máa ń mú kí awọ fẹ́lẹ́ débi pé tí dókítà bá ń rán ojú ọgbẹ́, òwú á máa fà á ya. Mi ò fẹ́ wàásù, ẹni tó bá ń bóra mọ̀ pé òun ń bóra.

Ó dáa, kí ló wá dé tí aró tèmi fi ki tí ti nọ́ọ̀sì ò ki? Oòrùn ni.

Ìnàkí, chimpanzee yẹn, tẹ́ ẹ bá ká irun ẹ̀, awọ abẹ́ ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó jọ pé bẹ́ẹ̀ làwọn baba ńlá gbogbo wa ṣe wà nígbà tí irun ṣì bò wọ́n. Ìgbà tí irun yẹn lọ tán, tí ara ń làágùn kó lè máa tutù lójú oòrùn Áfíríkà, awọ wá dìhòòhò sí oòrùn, ẹni tí aró ẹ̀ ki ló gbádùn. Tipẹ́tipẹ́ làwọn èèyàn ti rò pé jẹjẹrẹ awọ nìkan lo fà á, àmọ́ jẹjẹrẹ sábà máa ń dúró kéèyàn ti bímọ tán kó tó pa á, ẹni tó ti bímọ sì ti fún ọmọ ní jíìnì ẹ̀. Obìnrin onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Nina Jablonski àti ọkọ ẹ̀ George Chaplin ló gbé àlàyé míì jáde lọ́dún 2000. Wọ́n kó ìwọ̀n oòrùn tí sátẹ́láìtì NASA ti ń kà ní gbogbo ayé, wọ́n gbé e síwájú àwọ̀ àwọn tó ti ń gbé ibẹ̀ látayébáyé, ó sì bá ara mu gan-an. Àlàyé wọn sì dé ibi tí mi ò fọkàn sí rárá: folate.

Gbogbo obìnrin tó ti lọ sí àńtínétà mọ folic acid, òun náà ni. Tí kò bá tó lára aboyún, ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ lè má pa ojú dé, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ nìyẹn sì máa ń ṣẹlẹ̀, nígbà tí ẹlòmíì ò tíì mọ̀ pé òun lóyún. Oòrùn ló sì ń ba folate jẹ́, ọdún 1978 ni àwọn onímọ̀ méjì, Branda àti Eaton, ti gbé ẹ̀jẹ̀ èèyàn sábẹ́ irú ìtànṣán bíi toòrùn tí wọ́n sì rí i pé ó ń dín kù. Nítorí náà níbi tí oòrùn bá ti mú bíi tiwa, aró tó ki ló ń ṣọ́ ọmọ inú. Mo ka èyí tán mo wo ẹsẹ̀ mi lábẹ́ iná fóònù. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń pè mí ní Bláákì nílé ìwé, agboòrùn ni mo gbé dání tí mi ò mọ̀.

Àmọ́ agboòrùn tó dáa ní Ìbàdàn, ìdíwọ́ ni ní Leeds. Oòrùn kan náà tó ń ba folate jẹ́ ló ń ran awọ lọ́wọ́ láti ṣe vitamin D, tí kò bá sì sí i, egungun ọmọ á rọ̀, ẹsẹ̀ á tẹ̀ bí ọrun. Láti October títí di ìbẹ̀rẹ̀ March, oòrùn tó ń ràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò lágbára àtiṣe é, kódà bó o bá bọ́ra sílẹ̀ (òtútù á ti kọ́kọ́ pa ẹ́). Ìgbà tí àwọn èèyàn kúrò ní Áfíríkà tí wọ́n ń ṣí lọ sókè lọ́hùn-ún, ẹni tí aró ẹ̀ ò ki mọ́ ló ń rí oòrùn díẹ̀ yẹn lò. Ẹ wo àwọn Inuit tó ń gbé lórí yìnyín, oòrùn ò pọ̀ lọ́dọ̀ wọn síbẹ̀ wọn ò funfun tó bó ṣe yẹ, ẹja àti ẹran omi tí wọ́n ń jẹ ló ń fún wọn ní vitamin D. Bí nǹkan ṣe rí nìyẹn, ohun tó wà nínú abọ́ náà wà nínú ẹ̀.

Èmi fúnra mi jẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún kẹta tí mo débí ni gbogbo egungun ń dùn mí, mo ń rò pé iṣẹ́ alẹ́ ni, wọ́n gbẹ̀jẹ̀ mi, vitamin D mi ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Ìjọba wọn níbí tiẹ̀ ti ní kí àwa adúláwọ̀ máa ronú àtimáa lo 10 microgram lójúmọ́ yípo ọdún, àwọn òyìnbó ní ìgbà òtútù nìkan. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi ní ẹ́ńbásì.

Àwọn òyìnbó ibí pàápàá ò fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ nínú funfun náà. Lọ́dún 1903 wọ́n hú egungun ọkùnrin kan nínú ihò àpáta ní Cheddar, ní Somerset, ó ti wà níbẹ̀ fún nǹkan bíi 10,000 ọdún. Nígbà tó di 2018, Natural History Museum àti University College London yẹ DNA ẹ̀ wò, wọ́n ní ó ṣeé ṣe gan-an kí awọ ẹ̀ dúdú, kí ojú ẹ̀ sì jẹ́ búlúù. Ọ̀gbẹ́ni kan níbi iṣẹ́ mi fi fọ́tò ère tí wọ́n ṣe hàn mí nígbà ìsinmi oúnjẹ, ó ní "Ó jọ ọ́." Kò jọ mí. Apá kan nínú àwọ̀ funfun yẹn, àwọn àgbẹ̀ tó ṣí wá láti apá ibi tó jẹ́ Tọ́kì lónìí ni wọ́n gbé e wá.

Èyí tó wá dùn mọ́ mi nínú jù rèé. Ní 2005, onímọ̀ kan, Keith Cheng, àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní yunifásítì Penn State ní Amẹ́ríkà ń yẹ ẹja kékeré kan wò, zebrafish, ìlà ara ẹ̀ máa ń dúdú, àmọ́ oríṣi kan wà tí ìlà tiẹ̀ ṣá. Wọ́n rí jíìnì tó bàjẹ́ lára ẹ̀, SLC24A5, wọ́n fi ti èèyàn sí i lára, ìlà ẹ̀ tún dúdú padà. Wọ́n wá wò ó lára èèyàn: lẹ́tà ẹyọ kan (jíìnì dà bí ìwé tí wọ́n fi lẹ́tà kọ) ló yí padà nínú jíìnì yẹn lára àwọn ará Yúróòpù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Ibo ni wọ́n ti rí jíìnì àwọn ará Áfíríkà tí wọ́n fi wé e? Lára àwọn tí wọ́n lò ni àwọn Yorùbá Ìbàdàn, ìdílé 30, bàbá, ìyá àti ọmọ, tí wọ́n fún HapMap, iṣẹ́ ìwádìí ńlá kan lórí jíìnì èèyàn, ní ẹ̀jẹ̀. YRI ni wọ́n ń pè wọ́n nínú ìwé àwọn onímọ̀ títí dòní. Lẹ́tà àtijọ́ ló wà lára tiwọn. Àwọn ará Ṣáínà náà lẹ́tà àtijọ́ yẹn ni tiwọn, síbẹ̀ ara wọn mọ́lẹ̀, ọ̀nà míì ni tiwọn gbà, jíìnì míì. Mo ń rò ó pé ó lè jẹ́ pé mo ti bá ọ̀kan nínú ìdílé 30 yẹn wọ mícrà lọ sí Dùgbẹ̀ rí.

Tó bá di 2017, onímọ̀ jíìnì kan, Sarah Tishkoff, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wọn àwọ̀ èèyàn tó lé ní 2,000 ní Ethiopia, Tanzania àti Botswana. Àwọn darandaran kan ní ìlà oòrùn dúdú jù mí lọ fíìfíì, àwọn ẹ̀yà San ní Botswana mọ́lẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n sì rí i pé púpọ̀ nínú jíìnì tó ń mú awọ mọ́lẹ̀ àti èyí tó ń mú un dúdú, Áfíríkà ni gbogbo ẹ̀ ti ṣẹ̀, òmíì ti lé ní 300,000 ọdún. Torí náà kẹ́ni kan má fi pupa ẹ̀gbọ́n mi wá òyìnbó kankan nínú ìran wa. A ti ń pọ́n kí òyìnbó tó wà. Abájọ tí Yorùbá ò fi pè é ní funfun, pupa la ní, pupa bí epo.

Àfín kan wà ní kíláàsì wa ní pírámárì. Iwájú ló máa ń jókòó torí ojú ẹ̀ ò ríran bọ́ọ̀dù, ètè ẹ̀ sì máa ń bó lọ́wọ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn aláró wà lára ẹ̀ o, iye kan náà bíi tiwa, èròjà ni wọn ò rí pò. Àwọn baba wa ní Ọbàtálá ló mu ẹmu yó lọ́jọ́ tó ń mọ wọ́n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi jẹ́ ẹni òrìṣà tí Ọbàtálá ò sì fi fẹnu kan ẹmu mọ́. Tíṣà wa kan kì í jẹ́ kó dé fìlà lórí ìlà, ó ní kò bá yúnífọ́ọ̀mù mu. Wákàtí kan nínú oòrùn aago mẹ́wàá, orí ìlà. Mo máa ń dúró lẹ́yìn ẹ̀, mo ń rí ọrùn ẹ̀ tó ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń sun ún, tèmi ò mọ nǹkan kan lára.

A ti wà ní April báyìí. Ọmọ ti pé oṣù márùn-ún, òkè etí ti tán ká gbogbo ara, ó dúdú, ó ń dán, ọkọ mi ní ẹ̀ẹ̀rùn ló máa padà pọ́n, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Màámi pè lánàá. Mo rò pé wọ́n máa ní àwọn kúkú sọ bẹ́ẹ̀, mo tiẹ̀ ti gbé etí ọmọ síwájú fóònù kí wọ́n tó béèrè. Wọn ò wo etí.

"Oògùn oòrùn yẹn ńkọ́, ṣé o ti kán an fún un lónìí?"

Mi ò tíì kán an.